Fà á, Má Tì Í

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ máa ń sọ pé ojú-ìwé tèmi yìí gùn jù, ẹ fara balẹ̀ lóṣù yìí. Ọ̀rọ̀ irinṣẹ́ ni mo gbé wá, ọ̀kan nínú yín sì wà nínú rẹ̀. Ó ti gbà kí n sọ ọ́, tí n kò bá ti dárúkọ òun.

Lọ́dún tó kọjá, ìjì kan jà lóru, ó wó igi páìnì ńlá kan sí ẹ̀yìnkùlé wa. Ọlọ́run bá wa ṣe é, kò kan ilé, kò kan wáyà iná. Igi náà nà gbalaja láti ẹsẹ̀ fẹ́ǹsì títí dé ibi tí ìyá àwọn ọmọ gbin ewédú rẹ̀ sí. Àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ igi gígé wá wò ó, iye tí wọ́n pè mú kí n wá àga jókòó. Mo ní kí wọ́n gé ibi tó léwu nìkan, ìyẹn gbòǹgbò tó hú dúró àti àwọn ẹ̀ka tó tẹ̀ bí ọrun, kí wọ́n fi ìtì rẹ̀ sílẹ̀ fún mi. Ìyàwó mi bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi ṣe. N kò rí èsì fún un. Ẹ̀rọ agégi tó ń pariwo yẹn ń bà mí lẹ́rù, n kò sì tijú láti sọ ọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí tí mo fi lọ sí ọjà Scott Antique Markets lójú ọ̀nà Jonesboro, ọjà ohun àtijọ́ tí wọ́n ń ná ní òpin ọ̀sẹ̀ kejì oṣooṣù, tí kò jìnnà sí wa rárá. Àga ni mo bá lọ. Ṣùgbọ́n mo rí ayùn gígùn kan tí wọ́n fi ti ògiri, ó ga jù mí lọ, ó ti dógùn-ún, èèkù igi kan wà lórí, òmíràn wà nísàlẹ̀. Ayùn ẹlẹ́ni méjì! Mo dúró síwájú rẹ̀ bí ẹni tó rí ará ilé. Mo san dọ́là márùndínláàádọ́ta, mo gbàgbé àga.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀. Bàbá tó bí mi, lagilagi ni ní Oǹdó. Ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí n óò kọ ọ́ sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Láti ọdún mẹ́rìnlélógún tí mo ti wà ní Amẹ́ríkà, bí wọ́n bá bi mí níbi àríyá, ohun tí mo máa ń wí ni pé bàbá mi wà nínú òwò gẹdú. Ohun tí mo sọ fún àwọn ọmọ mi náà nìyẹn. Kì í ṣe irọ́ pátápátá. Ṣùgbọ́n ẹni tó ni igi ló ni òwò; apá tí wọ́n fi ń là á ni bàbá mi ní.

Bí mo ṣe gbé ayùn délé, mo ní kí ọmọ mi ọkùnrin, ẹni ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wá bá mi di fóònù mú. Ẹ mọ bí àwọn ọmọ yìí ṣe ń jáde nínú yàrá tí a bá pè wọ́n: bí ẹni tí wọ́n ní kó wá sanwó orí. A pe Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá mi, lórí WhatsApp ní Oǹdó. Mo gbé ayùn sókè, mo ní, "Bàbá Kékeré, ẹ wò ó, ayùn bàbá mi rèé!"

Bàbá wọ awò ojú wọn. Wọ́n ní kí ọmọ sún fóònù mọ́ eyín rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bú sẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń wúkọ́.

"Ta ló sọ fún ẹ pé tiwa lèyí? Èyí ò lè la pákó kan títí ayé. Agégi ni. Alagi ni tiwa."

Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ dúró níbí díẹ̀, torí èdè yín ti ya ọ̀rọ̀ yìí sọ́tọ̀ kí káfíńtà kankan tó ṣàlàyé rẹ̀ fún yín. A ń la igi, a sì ń gé igi. Wọn kì í ṣe nǹkan kan náà. Bí a bá là á, òòró igi ni a ń tọ̀, láti orí dé ìdí, bí ẹní ń la obì. Bí a bá gé e, a dá a ní ìbú ni, bí ẹní ń gé iṣu. Fọ́nrán igi to gbọọrọ bí okùn tí a dì pọ̀, nítorí náà eyín ayùn tó ń la igi máa ń dà bí ṣísẹ́ẹ̀lì káfíńtà, ó ń há a kúrò díẹ̀díẹ̀. Eyín ayùn tó ń gé igi ní ìbú gbọ́dọ̀ mú bí ọ̀bẹ, kó lè já àwọn okùn yẹn. Ẹ fi ọ̀kan ṣe iṣẹ́ èkejì, ẹ óò làágùn lásán.

Bàbá Kékeré wá ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣe tiwọn. Nínú igbó níbi tí igi bá wó sí ni wọ́n ti ń là á, ìrókò ni o, ọ̀gànwó ni o, arère tàbí afàrà. Wọn óò gbẹ́ kòtò tó jìn ju ènìyàn lọ, wọn óò yí ìtì igi sórí rẹ̀, wọn óò fi okùn tí wọ́n rì sínú èédú fa ìlà sára igi. Ẹnì kan óò dúró sórí igi lókè, ẹnì kejì óò wọ inú kòtò. Ẹni òkè ló ń gbé ayùn sókè tó sì ń tọ́ ọ sójú ìlà. Òun ni ọ̀gá. Ẹni ìsàlẹ̀ ló ń fà á wálẹ̀, ìgbà tó bá ń bọ̀ nílẹ̀ gan-an ló sì ń jẹ igi. Lẹ́búlẹ́bú igi tó bá ń bọ́, orí ẹni ìsàlẹ̀ ló ń dà sí, àti ojú rẹ̀, àti imú rẹ̀. Báyìí ni wọ́n ṣe la pákó tó kọ́ ilé púpọ̀ nílẹ̀ wa kí ẹ̀rọ tó gbòde. Àwọn gẹdú tó léfòó lórí ọ̀sà dé Òkò Bàbá ní Èbúté Mẹ́ta, sọ̀míìlì ló la ìyẹn. Ṣùgbọ́n pákó inú igbó, apá ènìyàn méjì ni.

Ọmọ mi bá béèrè lédè Gẹ̀ẹ́sì, mo sì túmọ̀ rẹ̀: "Bàbá, nínú ẹ̀yin méjèèjì, ta ló ń wà lókè, ta ló ń wà nísàlẹ̀?"

Bàbá Kékeré dákẹ́ díẹ̀. Mo rò pé nẹ́tíwọọ̀kì ti lọ.

"Bàbá bàbá ẹ ló ń wọ kòtò," ni wọ́n wí. "Òun lẹ̀gbọ́n, òun ló yẹ kó wà lókè. Ṣùgbọ́n ikọ́ fée ń ṣe mí. Ó ní lẹ́búlẹ́bú yẹn á pa mí. Ó wọlé síbẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kò sì jáde mọ́ títí a fi kọ́ owó ilé-ìwé bàbá ẹ jọ."

Ojú bàbá mi kì í funfun. Ó máa ń pọ́n láti àárọ̀ dalẹ́, àwọn ọmọ ilé-ìwé wa máa ń pè é ní Bàbá Ẹlẹ́mu lẹ́yìn mi. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Mo rò pé ẹmu ni. Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún kí n tó gbọ́ pé lẹ́búlẹ́bú igi ni, ẹnu àbúrò rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ, nínú fóònù tí ọmọ mi dì mú. N kò lè túmọ̀ ibẹ̀ tán. Ọmọ náà ní òun ti gbọ́ èyí tó pọ̀ níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ayùn.

Bàbá àgbàlagbà kan wà ládùúgbò wa, aláwọ̀ dúdú bíi tiwa, ọmọ gúúsù Georgia níbí gan-an. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Nígbà tó rí ohun tí mò ń fi sáńpépà họ níwájú gáráàjì, ó ká ọwọ́ ẹ̀wù sókè kó tó kí mi. Òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti fa irú rẹ̀ nígbà èwe wọn. Ẹ mọ̀ pé igbó páìnì ló bo gúúsù Georgia nígbà kan. Ní ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún sí ìbẹ̀rẹ̀ ogún, wọ́n fi irú ayùn báyìí gé e lọ rẹpẹtẹ. Àwọn aláwọ̀ dúdú ló ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ igi gígé àti iṣẹ́ oje páìnì yẹn, owó táṣẹ́rẹ́ sì ni wọ́n gbà. Nítòsí wa níbí náà, ẹni tó bá ti gba ojú ọ̀nà 85 lọ sí gúúsù yóò ti rí Starr's Mill, ilé pupa létí omi tí gbogbo wa ti ya fọ́tò níbẹ̀. Ọdún 1907 ni wọ́n kọ́ èyí tó wà níbẹ̀ yẹn. Yàtọ̀ sí ọkà lílọ̀, wọ́n ní sọ̀míìlì níbẹ̀ nígbà náà.

Bàbá yìí ló kọ́ mi ní ohun tí ó yẹ kí n ti mọ̀ kí n tó náwó. Oríṣi méjì ni ayùn ẹlẹ́ni méjì. Ọ̀kan wà fún wíwó igi tó dúró: ẹ̀yìn rẹ̀ wọnú bí ọrun, ó fúyẹ́, ó ń tẹ̀, kó má baà dá apá ẹni tó ń fà á lóró, kí àyè sì tètè wà lẹ́yìn rẹ̀ láti ki ohun ìhágún bọ ojú igi. Èkejì wà fún gígé igi tó ti sùn sílẹ̀: ẹ̀yìn rẹ̀ tọ́ gbọnrangandan, ó nípọn, ó wúwo, ẹnì kan ṣoṣo lè lò ó bí ẹnì kejì kò bá sí nílé. Orí ni mo fi ra èkejì yìí, kì í ṣe ọgbọ́n.

Ẹni tó bá fẹ́ rà, ibi tí wọ́n ti ń ta ẹrù ilé olóògbé ni kó kọ́kọ́ wò, àti ọjà ohun àtijọ́. Ẹ yẹra fún èyí tí wọ́n ya àwòrán oko àti màlúù sí lára. Ọ̀pọ̀ ayùn rere ló ti di ohun ọ̀ṣọ́ ògiri báyìí, ó sì ń dùn mí. Ẹ gbé e sókè, ẹ fi ojú kan tọ eyín rẹ̀ láti orí dé ìdí bí ẹní ń wo ìbọn. Bó bá wọ́, tàbí tó ní ibi tó ká, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ wo gígùn eyín rẹ̀. Bí wọ́n bá ti pọ́n ọn títí tó kù kúkúrú, ọjọ́ ayé rẹ̀ ti tán. Ìdógùn-ún tó wà lójú lásán kò ṣe nǹkan kan, èyí tó ti jẹ ihò wọ inú irin ló burú. Ẹ fi sáńpépà kíkúnná tí a wé mọ́ igi pẹlẹbẹ ra àárín rẹ̀ jẹ́jẹ́, pẹ̀lú epo kẹrosíìnì díẹ̀, orúkọ ẹni tó rọ ọ́ lè yọ jáde. Disston ní Philadelphia, tí Henry Disston dá sílẹ̀ ní 1840, Simonds ní Massachusetts, àti Atkins ní Indianapolis wà lára àwọn tó lórúkọ jù. Simonds ló yọ lára tèmi. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀rọ tó ń yí bìrìbìrì họ ọ́ o. Ooru rẹ̀ á ba líle irin náà jẹ́.

Eyín rẹ̀ ni kí ẹ wá wò dáadáa. Àwọn kan mú ṣónṣó, ọ̀kan tẹ̀ sọ́tùn-ún díẹ̀, èkejì tẹ̀ sósì, àwọn ni wọ́n ń já fọ́nrán igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Láàárín wọn ni ẹ óò rí eyín tó là sí méjì lórí, tí kò fi bẹ́ẹ̀ mú. Akólẹ̀ ni èmi ń pe ìyẹn, torí iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti kó ohun tí àwọn yòókù já jáde. Akólẹ̀ yìí gbọ́dọ̀ kúrú ju àwọn agégi lọ díẹ̀ kínún, nǹkan bí ìwé méjì mẹ́ta tí a tò lérí ara wọn. Bó bá ga jù wọ́n lọ, ayùn á máa ta lórí igi bí ẹṣin tó ń kọ ìjánu.

Bí mo ṣe mọ èyí nìyí. Kí bàbá aládùúgbò tó rí i, mo ti gbé ayùn lọ fún ẹnì kan tó ní òun ń pọ́n gbogbo nǹkan. Ó pọ́n ọn lóòótọ́. Ó pọ́n gbogbo eyín dọ́gba, akólẹ̀ àti agégi, ó sì gba dọ́là ọgbọ̀n. Oṣù méjì ni èmi àti bàbá fi ń fi fáìlì rọ àwọn akólẹ̀ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìwé kékeré kan tí iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó igbó tẹ̀ ní 1977, èyí tí Warren Miller kọ, ni a ń wò bí a ti ń ṣe é. *Crosscut Saw Manual* ni orúkọ rẹ̀. Ẹni tó bá ní ayùn, kó wá ìwé náà kó tó wá fáìlì.

Ní Sátidé kan, a ti parí rẹ̀. Mo pe ọmọ mi. Bàbá jókòó sórí àga ike, ó ń dárí wa. A yọ ìbòrí eyín rẹ̀ (páìpù rọ́bà àtijọ́ tí àwọn panápaná fi ń fọ́n omi ni a là sí méjì fi ṣe é), a wọ ìbọ̀wọ́, a fi ayùn lé igi. Ó gé ìka bíi mẹ́ta wọlé, ó há, ó tẹ̀, ó sì kígbe. A tún un ṣe. Ó tún há. Mo ní fún ọmọ mi, "Má tì í! Fà á nìkan, bó bá di tèmi kí o jọ̀wọ́ ọwọ́." Ó ní òun kò tì í. Mo ní o ń tì í. Ohùn mi ti ń ga.

Bàbá bọ́ fìlà wọn, wọ́n ní kì í ṣe ọmọ. Wọ́n ní èmi ni mò ń tì í.

Ọmọ mi kò sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n ó wo ojú mi, ó sì rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, nígbà tó yá. Bàbá ní kí a kàn fi ìka di èèkù mú bí ẹní di ọwọ́ ọmọ jòjòló. Bí ẹnì kejì bá ń fà, tìrẹ ni kí o tẹ̀lé e lọ láìtì, láìdá a dúró; irin náà tinrín, bí a bá tì í, yóò ká ni. Ẹ má sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ igi, ìwúwo rẹ̀ tó o. Ó gbà wá tó wákàtí kan kí ohùn rẹ̀ tó yí padà. Ẹni tó ti gbọ́ ọ yóò mọ̀ ọ́n: ṣẹ́ẹ̀ẹ̀, ṣẹ́ẹ̀ẹ̀, bí ẹní ń gbálẹ̀. Ohun tó ń jáde lábẹ́ igi kì í ṣe lẹ́búlẹ́bú mọ́. Ó gùn, ó rọ̀, ó ká bí Indomie. Bó bá jẹ́ lẹ́búlẹ́bú ló ń jáde, ayùn kò mú tàbí akólẹ̀ kò ṣiṣẹ́.

Ọmọ mi bu èyí tó dà bí Indomie yẹn sọ́wọ́, ó ní, "Irú èyí ló ń bọ́ sí Grandpa lójú?" Mo ní rárá, ti Grandpa kúnná ju èyí lọ. Ó di èèkù mú, ó ní ká máa bá a lọ.

Oje páìnì máa ń lẹ̀ mọ́ ayùn. Bàbá ní ìgò kẹrosíìnì ni wọ́n ń gbé kọ́ nígbà tiwọn, ewé páìnì ni wọ́n ń fi dí ẹnu rẹ̀, kó lè máa ta síta ní kékeré. Ọgbọ́n yìí dùn mọ́ mi púpọ̀, àwa náà ti ń ṣe é. Bí gígé bá sì ti wọlé jìnnà, ẹ ki ohun ìhágún oníke, èyí tó tinrín lẹ́nu kan tó nípọn lẹ́nu kejì, bọ ojú igi lẹ́yìn ayùn, kí igi má baà há a mọ́ra. Igi tí orí àti ìdí rẹ̀ gbé lórí nǹkan, tí àárín rẹ̀ wà lófuurufú, òkè ni yóò ti há ayùn. Èyí tí ẹnu rẹ̀ kan yọ síta láìní ohun tó gbé e, yóò là láti òkè, ó sì lè fò lójijì.

Ẹ̀yin òbí, ẹ gbọ́ èyí dáadáa: igi tí ìjì wó kì í ṣe eré. Gbòǹgbò tó hú dúró lè padà sínú ihò rẹ̀ lójijì bí a bá gé ìtì kúrò lára rẹ̀, ó sì ti gbé ènìyàn lọ rí. Igi tó fara ti igi mìíràn, èyí tó kan wáyà, ẹ̀ka tó tẹ̀, ẹ fi owó pe àwọn tó mọ̀ ọ́n. Owó yẹn dùn mí, ṣùgbọ́n mo san án.

Àwọn tó rò pé ohun àtijọ́ lásán ni, ẹ lọ wo igbó Cohutta ní àríwá Georgia. Òfin tí Amẹ́ríkà ṣe ní 1964 kò jẹ́ kí wọ́n lo ẹ̀rọ elépo nínú irú igbó bẹ́ẹ̀, Cohutta sì wà lábẹ́ rẹ̀ láti 1975, ilẹ̀ tó lé ní 36,000 éékà. Bí igi bá wó dí ọ̀nà níbẹ̀, ayùn ẹlẹ́ni méjì ni wọ́n fi ń gé e dòní olónìí, àwọn tó fi ara wọn sílẹ̀ láìgba owó sì wà lára àwọn tó ń ṣe é. Wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́ ọ, kí wọ́n sì gba ìwé-ẹ̀rí. Ọmọ mi ti ń béèrè pé ọdún mélòó ni èèyàn gbọ́dọ̀ jẹ́.

Ìtì igi náà ṣì kù tó ìdajì. Sátidé kejì oṣù tó ń bọ̀, láago mẹ́wàá àárọ̀, a óò wà ní ẹ̀yìnkùlé wa. Ẹ bi akọ̀wé ẹgbẹ́ bí ẹ kò bá mọ ilé. Kí kálukú mú ìbọ̀wọ́ àti bàtà tó bo ọmọ ìka wá, sálúbàtà kò wọlé o. Ọmọ tí kò tíì pé méjìlá, wíwò ni tirẹ̀. Ẹ̀yin ọmọbìnrin náà ẹ máa bọ̀, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n fà la ń wá. Ìyá àwọn ọmọ ní òun óò din àkàrà. Bàbá Kékeré sì ti ní ká pe òun lórí WhatsApp láti ìbẹ̀rẹ̀, òun fẹ́ wo ẹni tó ń tì í.